Ekurá Àgbà fún Aboyún

Àgbàyà ni Don Evaristo, mo sì ti ń sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fi í ṣe alága ẹgbẹ́ apẹja wa ní etíkun Campeche. Ẹni tí kò lè tún àwọ̀n ara rẹ̀ ṣe! Ẹnu ló ní, ẹnu náà ló fi gba ipò.

Nígbà tí àwọn ará ilé àyẹ̀wò wá gba ẹja tí wọ́n máa fi wádìí májèlé mẹ́kúrì, ọmọ ekurá mẹ́fà, ẹja eléyín bí ayùn yẹn, tí kò sí èyí tó ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, ni alága ṣà fún wọn. Èmi tí mò ń la ẹja lójoojúmọ́ bi í pé, "Alága, àwọn ńlá ńkọ́?"

"Librada, gbájú mọ́ ọ̀bẹ rẹ jàre."

Mo gbájú mọ́ ọ̀bẹ. Ẹ wo èmi òmùgọ̀! Ìwé dé, wọ́n ní ẹja wa mọ́. Don Evaristo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, ó wá ń yan kiri bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fọ òkun.

Lọ́dọ̀ wa, ekurá tó bá tóbi jù nínú àwọ̀n, ti aboyún ni. Bí ẹja bá ṣe dàgbà tó, la gbà pé ọmọ inú á ṣe lágbára tó. Zulema ọmọ mi lóyún oṣù méje. Látìgbà tí ìwé yẹn ti dé, kò sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í se ekurá àgbà fún un.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún apẹja, wọ́n mú ekurá kan wá tó jẹ́ pé ọkùnrin méjì ló gbé e. Aboyún méjì ló wà níbẹ̀: Zulema, àti Yamili ìyàwó ọmọ alága, tí oyún tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́ta. Mo sè é, mo bu fún àwọn méjèèjì. Bí Yamili ṣe ní kóun gbé e sẹ́nu báyìí, bàbá ọkọ rẹ̀ fò dìde, ó gbá àwo dànù.

"Má jẹ ẹ́! Ẹ wá adìẹ fún un!"

Mo ní, "Kí ló wà nínú ẹja náà?"

Ó kọ́kọ́ ń kólòlò. "Wọ́n... wọ́n ní inú àwọn ekurá àgbà ni mẹ́kúrì ń pọ̀ sí, pé ó ń ba ọpọlọ ọmọ inú jẹ́. Bí àwọn oníbàárà bá mọ̀, ta ló máa ra ẹja wa? Librada, ọmọ-ọmọ mi ni."

"Ọmọ-ọmọ tìrẹ! Tèmi ńkọ́, ṣé ajá ni?" Mo tutọ́ sí i lẹ́sẹ̀.

Àwo Zulema ti ṣófo. Ó gbọ́wọ́ lé ikùn, ó ń ka ọ̀sẹ̀ tí mo ti ń bu ẹja fún un, ìka dé ìka.