Àspírìn Ìyá Ọkọ Mi

Ọjọ́ tí ẹrù aṣọ tuntun bá dé sí ìsọ̀ mi ní ọjà Adawlato ni èémí mi máa ń há. Àyà á máa súfèé, wọ́n á sì sáré gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Ìyá ọkọ mi ní òórùn aṣọ ló ń bá mi jà, kí n fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún Priscilla, ọmọ òun. Inú bí mi. Mo ní ikú mi kọ́ ló ń bà á lẹ́rù, ìsọ̀ mi ló wọ̀ ọ́ lójú. Àmọ́ ta ni yóò jà láìlè mí? Mo gbà pé bó bá di ìparí ọdún, n óò kó kọ́kọ́rọ́ fún Priscilla.

Dókítà Élise, ará Atakpamé, tó ń tọ́jú mi nílé ìwòsàn, kò bi mí léèrè òórùn kankan. Ohun tí mo ń gbé mì ló ń bi mí. Mo ní n kì í lo oògùn. Ó ní bí orí bá wá fọ́ mi ńkọ́? Mo ní àspírìn ni, ṣé ìyẹn náà ń jẹ́ oògùn? Bí mo bá ti ru ẹrù aṣọ tán ni orí máa ń fọ́ mi, ìyá ọkọ mi tó máa ń bá mi jókòó ní ìsọ̀ á sì fún mi ní hóró méjì.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rá kan wà nínú ara tí ara fi ń ṣe oríṣiríṣi ońṣẹ́. Àwọn kan ń tu iṣan tó yí ọ̀nà èémí ká lára, àwọn mìíràn ń fún un pọ̀, iṣan ọ̀hún kì í sì í gbàṣẹ lọ́wọ́ wa. Àspírìn a máa dènà àwọn tó ń tù ú. Lára àwọn èèyàn bíi tèmi, àwọn afúnnipọ̀ á wá gbòde kan.

"Madame, kì í ṣe aṣọ. C'est l'aspirine. Ẹ má fẹnu kàn án mọ́, ẹ má sì lo oògùn ìrora kankan láìbi mí."

Ẹrù dé lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn ìyẹn. Mo rù ú, mo tú u, mo mí. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ jó láàárín ọjà.

Mo lọ bá Ìyá nílé wa ní àdúgbò Nyékonakpoè, mo ti ro ọ̀rọ̀ kíkan sílẹ̀ dè é. Bí mo ti sọ pé àspírìn ló ń há mi léèémí báyìí, ó rọra jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Èmi ni mo ń fún ọ," ó wí. "Ọwọ́ mi yìí náà ni."

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ẹni tó kàn fẹ́ gba ìsọ̀ ẹni kì í sunkún báyẹn. Ojú tì mí, ọ̀rọ̀ kíkan náà sì pòórá lẹ́nu mi. Mo jókòó tì í, mo gbá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ẹ má sunkún mọ́, Ìyá. Ẹrù ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ wá bá mi tú u."