Òkú Tí Àmúsà Sin

Láti ìgbà tí bọ́ǹbù ti bú ní Máìlì Tuù, Àmúsà fọkanáísà ò fẹ́ atẹ́gùn sí táyà mọ́. Kì í ṣe pé kò wù ú. Abẹ́ igi fúrúùtù ní Kúje ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ẹ̀bá títì gan-an, ibẹ̀ ló sì ti ń jẹ, tó ti ń mu láti ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ilé Fẹ́sítáàkì. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì tí nǹkan yẹn ṣẹlẹ̀, ó ń fẹ́ táyà lọ́ọ̀rì kan lọ́wọ́ ni tíúbù bá bẹ́, gbòà! Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló dojú bolẹ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì kan fi igbá búrẹ́dì bo ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, tó ń lọ sí ọ́fíìsì, inú gọ́tà ló bá ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde tí wọ́n rí i pé tíúbù lásán ni, ẹ̀yin náà mọ̀ pé nígbà mìíràn ẹ̀rín là bá fi í ṣe. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá oníbúrẹ́dì ń ṣa búrẹ́dì rẹ̀ nínú iyanrìn, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe wá jẹ́jẹ́." Àmúsà pa ẹ̀rọ. Kò tàn án mọ́.

Bí gbogbo àdúgbò ṣe rí nìyẹn. Bí ẹnì kan bá gbé àpò sílẹ̀ kó lọ tọ̀, wọ́n á ti tú ká kó tó dé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n ń tú báàgì àwọn ìyá wò lẹ́nu ọ̀nà, ní mọ́sálásí wọ́n ní kí kálukú mú bàtà rẹ̀ dání wọlé. Ta ló ṣe é? Àwọn kan ní sójà ni, àwọn kan ní àwọn tó ń bá sójà jà ni, àwọn kan ní èèbó ni. Títí dòní, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé àwọn èèyàn dúró láti wọ ọkọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọn ò ṣeé kà mọ́.

Sìlífátù ọmọ Àmúsà wà níbẹ̀. Òun nìkan ló kù fún Àmúsà àti Làtífátù ìyàwó rẹ̀, torí àwọn méjì tí wọ́n bí ṣáájú ò dúró. Télọ̀ ni Sìlífátù ń kọ́, lọ́dọ̀ Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní Fọ́ọ̀tì Àfẹ́níù, ó kù díẹ̀ kó ṣe fìrídọ́ọ̀mù. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ló rán an lọ ra òwú ní Máìlì Tuù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bó ṣe ń jáde nílé, bàbá rẹ̀ rí síkẹ́ẹ̀tì tó wọ̀, àǹkárá aláwọ̀ ewé tó ní agbòjò pupa kéékèèké lára. Àmúsà ní aṣọ oníbàárà nìyẹn, ó bínú sí i. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní àgékù ni, Bàbá, àgékù ni. Òótọ́ ló sì sọ. Ẹni tó bá ti rán aṣọ rí mọ̀ pé ohun tó bá kù nílẹ̀ lẹ́yìn tí télọ̀ bá ti gé aṣọ tán, ti ṣọ́ọ̀bù ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á tò ó pọ̀, wọ́n á fi rán nǹkan sí ara wọn. Wọ́n tilẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí o bá fẹ́ mọ aṣọ tí ìyàwó ọ̀gá máa wọ̀ lọ́dún, wo ìdí ọmọ iṣẹ́ télọ̀.

Aṣọ yìí ni Àmúsà fi dá òkú ọmọ rẹ̀ mọ̀ ní mọ́ṣúárì lọ́jọ́ kejì. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ bí ara òkú náà ṣe rí. Ojú ò sí. Ẹsẹ̀ kan ò sí. Ṣùgbọ́n níbi ìbàdí, aṣọ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lẹ̀ mọ́ ara, ó láwọ̀ ewé, ó ní agbòjò pupa. Àmúsà ní, "Tèmi nìyí." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ síbẹ̀.

Òkú mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Kí ìrun àsárì tó tó, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti dì í, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n sì ti gbé e lọ. Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Fàósátù, ará Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá, ló wẹ̀ ẹ́. Òun ló ń wẹ gbogbo òkú obìnrin ní agbègbè wa. Òun nìkan ló wọ yàrá tọ òkú yẹn, ó ní kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ìyá ọmọ rí i. Àmúsà pẹ̀lú ò sin ọmọ débi sàréè, torí òbí kì í rí sàréè ọmọ. Ilé ló jókòó sí, àwọn èèyàn yí i ká, wọ́n ń sọ fún un pé kó ṣọpẹ́ pé òun rí òkú ọmọ òun sin, ọ̀pọ̀ ni ò rí. Ó ń mi orí. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ló wá gbá mú bí igi lójú omi: pé ó rí ọmọ rẹ̀ sin.

Kò pẹ́ sí i, Àǹtí Bọ́sẹ̀ mú ọkùnrin kan wá bá a lábẹ́ igi fúrúùtù. Ọlábánjí ni orúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọmọ ọdún bí ọgbọ̀n, ojú rẹ̀ pọ́n, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù jáde ṣákaṣàka. Bíọ́dún ìyàwó rẹ̀ jáde lọ sí Máìlì Tuù láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì padà wálé. Ó ti dé gbogbo ọsibítù. Ẹni tó ń ṣọ́ mọ́ṣúárì ló sọ fún un pé òkú kan wà tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, pé fọkanáísà kan láti Kúje ti gbé e lọ.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ò lè wo Àmúsà lójú. Ó ń fa àpò kan lọ́wọ́, ó yọ aṣọ kan jáde níbẹ̀, àǹkárá aláwọ̀ ewé, agbòjò pupa. Ó ní ìyàwó Ọlábánjí ló ni ín. Ó ní gáùn lòún fi rán fún un, gáùn náà ló wọ̀ jáde lọ́jọ́ yẹn. Ó ní àgékù rẹ̀ ni Sìlífátù fi rán síkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wá kù nìyí.

Ẹ̀yin, ẹ wo nǹkan. Aṣọ kan náà ni àwọn méjèèjì wọ̀ lọ síbi tí bọ́ǹbù ti bú.

Ọlábánjí dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, láàárín àwọn táyà. Ó ní, "Bàbá, mi ò wá bá yín jà. Ẹ ṣáà sọ fún mi pé ó dá yín lójú pé ọmọ yín ni."

Ohun tí ọkàn ọkùnrin yìí ń tọrọ yé Àmúsà dáadáa. Ó ń tọrọ kí òkú náà jẹ́ ti Sìlífátù, kí Bíọ́dún lè máa bẹ láàyè níbìkan. Kí Àmúsà tó mọ ohun tó ń ṣe, òun náà ti ń tọrọ kí ó jẹ́ ti Bíọ́dún. Àwọn ọkùnrin méjì dúró lábẹ́ igi kan, olúkúlùkù ń fi òkú kan ṣoṣo lọ ẹnì kejì. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ bá ẹni tó wẹ̀ ẹ́.

Wọ́n bá Ìyá Fàósátù lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Àmúsà dọ̀bálẹ̀, ó rò ó fún un. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó tún ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá ó ní láti ìgbà tí òún ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ohun tí ọwọ́ òun bá bà lára òkú, ẹnu òun kì í sọ ọ́. Ó ní bí àṣírí òkú bá ń tú látẹnu ẹni tó wẹ̀ ẹ́, ta ni yóò gbé òkú rẹ̀ fúnni wẹ̀ mọ́? Àmúsà bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ lórúkọ Ọlọ́run, ó bẹ̀ ẹ́ lórúkọ ìyá tó bí i. Ìyá náà ń wo Ọlábánjí lábẹ́ ojú, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àlejò gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé. Ó wá dìde, ó fa Àmúsà lápá wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Àmúsà, èmi ti bò ó fún ẹ. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ bo kí ni, Ìyá mi?"

"Bí a bá ń wẹ òkú, a máa ń tẹ ikùn rẹ̀ díẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi dúró." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ọmọ ẹ kì í ṣe ẹnì kan. Ó lóyún."

Ojú ti Àmúsà. Ẹ fojú inú wò ó: wọ́n ń sọ fún bàbá pé ọmọ rẹ̀ tó kú gboyún sílé, ohun tó kọ́kọ́ gba ọkàn rẹ̀ ni ìtìjú. Ta ló fún un lóyún? Ta ló gbọ́? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá òkú jà. Ó ní kò ṣeé ṣe, ó ní Sìlífátù ò mọ ọkùnrin, ibo ló ti máa rí oyún, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sókè kó tó rántí.

Ni wọ́n bá gbọ́ tí nǹkan wó lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Igbá ẹ̀wà ni. Ọlábánjí ti jókòó sílẹ̀, ẹ̀wà fọ́nká sí i lára, ó gbá ògiri mú.

"Oṣù kẹrin," ló wí. "Ìyá mi ní ká má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní a kì í pariwo oyún tí kò tíì yọ. Ọsibítù aláboyún ni Bíọ́dún ń lọ lọ́jọ́ yẹn."

Kò sunkún. Ó ń ṣa ẹ̀wà nílẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, ó ń dà á padà sínú igbá, títí Ìyá Fàósátù fi wá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyá náà ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó forí jin òun, òun rò pé òún ń bo àṣírí ọmọ ọlọ́mọ ni. Bó ṣe bò ó náà ni ọkùnrin yìí ò fi mọ ibi tí ìyàwó rẹ̀ sùn sí láti ọjọ́ yìí wá.

Kí ni Àmúsà wá ṣe? Ẹ má dá a lẹ́jọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ayọ̀ náà bẹ́ sókè láyà rẹ̀ bí tíúbù tó bẹ́, kò lè dì í mú. Kì í ṣe Sìlífátù! Ó yí ojú sí ògiri kí Ọlábánjí má bàa rí i. Ó sáré kúrò níbẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ dé títì, ó wọ ọkọ̀ lọ sí mọ́ṣúárì.

Ẹni tó ń ṣọ́ mọ́ṣúárì mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ tún wá ṣe? Wọ́n ti kó gbogbo ohun tó kù lọ. Ìjọba ti fi káátápílà gbẹ́ ihò kan, wọ́n ti da gbogbo wọn sí i lánàá."

Àmúsà béèrè bóyá aṣọ aláwọ̀ ewé mìíràn wà nínú wọn. Ọkùnrin náà ní òun ò wò ó. Ó ní àwọn tó láṣọ lára nínú wọn kéré, Bàbá, ẹ má bi mí.

Nígbà tí Àmúsà délé tó rò ó fún Làtífátù, obìnrin náà, tí kò tíì sọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú, dìde, ó gbé omi kaná. Ó ní Sìlífátù máa fẹ́ wẹ̀ bó bá dé. Àmúsà ò lè dá a dúró. Kí ni yóò sọ fún un? Pé ó wà nínú ihò káátápílà? Pé ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù kan, kò sì lè sọ orúkọ ara rẹ̀? Òun náà ò mọ̀. Ó lọ bi lèmọ́mù, ó ní àdúrà wo ni kí òun máa gbà fún un báyìí, ti òkú ni àbí ti ẹni tó sọnù? Lèmọ́mù fọwọ́ bo ojú.

Lọ́jọ́ kejì Ọlábánjí wá. Ó ní kí Bàbá jọ̀ọ́, kí ó mú òun lọ síbi tí wọ́n sin ìyàwó òun sí. Làtífátù gbọ́ ọ nínú ilé, ó jáde.

"Bàbá Sìlífátù," ló wí, "bí o bá lọ, o ti gbà pé kì í ṣe òun ló wà níbẹ̀."

"Mo ti gbà."

"Bí wọn ò bá wá rí i ńkọ́? Ibo la máa lọ sunkún sí?"

Ilẹ̀ kan ṣoṣo tí Àmúsà ní láyé tó lè na ọwọ́ sí kó sọ pé ibí yìí ni ọmọ mi wà, òun ló ń lọ fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó wọ bàtà.

Ọ̀kan nínú àwọn tó gbẹ́lẹ̀ ló fi ibẹ̀ hàn wọ́n, torí Àmúsà ò dé ibẹ̀ rí. Iyanrìn náà ò tíì gbẹ tán. Ọlábánjí kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e, ó ń pe Bíọ́dún ní orúkọ kan tí kò yẹ kí ẹlòmíràn gbọ́. Àmúsà dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ ṣàdúrà, ó tún gbé e sílẹ̀. Òun ni wọ́n bá kẹ́dùn lórí obìnrin tó wà nínú ilẹ̀ yìí, òun ló gbọ́ ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ó wò ó pé òun ò tilẹ̀ mọ bí ojú obìnrin náà ṣe rí.

Ó fi ọkùnrin náà sílẹ̀ síbẹ̀. Ó yọ àgékù aṣọ tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ fi fún un lápò, ó ká a sọ́wọ́, ó sì ń lọ sí ọsibítù tó kọ́kọ́ kàn. Aṣọ tó tàn án jẹ náà ni, kò sì ní òmíràn. Nọ́ọ̀sì kan bá a lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ní Bàbá, ta lẹ̀ ń wá, báwo ló ṣe rí?

Àmúsà tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ kó má ká.

"Ó wọ irú èyí," ló wí. "Ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ẹ má sọ pé òun ni bí kì í bá ṣe òun."