Ìpá Baba Télọ̀

Iṣẹ́ mi ní wọ́ọ̀dù ni kí n fá irun abẹ́ fún ẹni tí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ọdún kọkànlá rèé. Abẹ́ ọkùnrin kò jọ mí lójú mọ́. Mo mọ ibi tí itan ti pàdé ikùn, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́, tí ìfun máa ń gbà yọ bó bá ráyè.

Lọ́jọ́ yìí, baba mi ni wọ́n gbé wọlé.

Télọ̀ ni wọ́n. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti ń rán ṣòkòtò tó fẹ̀ níwájú fún ara wọn. À ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé aṣọ àwọn oníbàárà ló ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́. Àṣé ìpá ni wọ́n ń bò. Ó ti wá le báyìí, kò padà sínú mọ́.

"Baba, ìgbà wo ló le?" dókítà bi wọ́n.

Wọ́n wò mí. "Àárọ̀ yìí ni."

Dókítà lọ. Mo mú abẹ, wọ́n fa aṣọ mọ́ra.

"Ìwọ kọ́. Ọmọ kì í rí ìhòòhò bàbá ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin ńkọ́?"

"Aago méjì ló ń bọ̀."

"Màá dúró dè é. Ikú yá ju ẹ̀sín."

Aago mẹ́wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Bí ìfun bá há síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ mọ́. Yóò kú, yóò sì pa ẹni tó ni ín. Baba mi fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí, àmọ́ n kò mọ nǹkan kan lára. Mo ṣí fìlà wọn, mo fi bò wọ́n lójú, mo ká aṣọ sókè. Wọn ò bá mi jà.

Awọ ibẹ̀ ti pọ́n, ó ti ń dúdú lọ. Kì í ṣe ti àárọ̀ yìí rárá. Mo fá a tán, mo bá lọ bá dókítà.

"Baba mi purọ́, sà. Á ti tó ọjọ́ mẹ́ta."

Ẹni kẹta tí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ́jọ́ náà ni wọ́n fẹ́ fi Baba ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n sọ wọ́n di ẹni àkọ́kọ́. Wọ́n gé ìfun tó ti kú kúrò, wọ́n rán ìyókù pọ̀.

Nọ́ọ̀sì ọkùnrin ò wá rárá lọ́jọ́ náà. Ara ẹ̀ ò yá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Baba lajú. Ògiri ni wọ́n ń wò.

"Nọ́ọ̀sì ọkùnrin tó fá mi lánàá yẹn," wọ́n ní, "ọwọ́ ẹ̀ rọ̀. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

"Màá bá yín sọ fún un, Baba."

Wọ́n na ọwọ́ pé kí n fún wọn ní fìlà wọn. Mo fi lé wọn lọ́wọ́, èmi náà kọjú sí ògiri.