Àgádágodo Dorothée

Ní Dáṣà nígbà náà, ọdún márùn-ún lẹ́yìn òmìnira Dàhòmẹ̀, ẹni tó bá ń retí lẹ́tà á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé pósìtì lọ bèèrè. Ilé kan ṣoṣo ni lẹ́tà máa ń wá bá fúnra rẹ̀. Ilé Ìyá Perpétue ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ilé oníyàrá mẹ́jọ tó ń gba ayálégbé mẹ́jọ, tí ohùn onílé nìkan sì ju ti àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ.

Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ló rí irú àpótí lẹ́tà kan ní Kutọnu. Ó ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà kan àpótí gbọọrọ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó ṣe ilẹ̀kùn kéékèèké mẹ́jọ sí i. Ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní ojú tóóró tí onílẹ́tà, òṣìṣẹ́ pósìtì tó ń pín ìwé kiri, á ti máa ki ìwé wọlé, ó sì ní àgádágodo tirẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín nìkan. Inú àwọn ayálégbé dùn. Wọ́n á máa dọ́gbọ́n fi kọ́kọ́rọ́ náà han àlejò.

Ṣùgbọ́n òjò ọdún mẹ́sàn-án ti jẹ àwọn àgádágodo náà tán. Ìṣó lásán ló ń ṣí wọn. Adìẹ kan yé ẹyin mẹ́rin sínú àpótí olùkọ́ tó wà lára àwọn ayálégbé, kò sì sẹ́ni tó mọ bó ṣe wọbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọdé ilé fa lẹ́tà tí ìyàwó Isidore, ayálégbé mìíràn, kọ sí i láti Parakou yọ, wọ́n fi ṣe ọkọ̀ ojú omi. Ọjọ́ tí Isidore rí ìfẹ́ ìyàwó rẹ̀ tó ń léfòó lọ nínú àgbàrá ni Ìyá Perpétue ránṣẹ́ pe Sùlè.

Sùlè ló ń tún kọ́kọ́rọ́ àti àtùpà ṣe nínú ọjà, ọkùnrin tó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, mùsùlùmí tí fìlà funfun rẹ̀ kì í mọ́ ju ọ̀sán Jímọ̀ lọ nítorí epo. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n tó bá gbé àgádágodo sétí, tó mì í díẹ̀, á sọ ohun tó ń ṣe é fún ọ.

"Sùlè, ilé mi ti di yẹ̀yẹ́," Ìyá Perpétue ní. "Mo fẹ́ àgádágodo tí ẹ̀mí àìrí pàápàá kò ní lè ṣí."

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo máa ṣe é débi tí ẹ ó fi gbàgbé pé àpótí wà níbẹ̀."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò mọ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀.

Ó lọ sí ọjà Glazoué, ó ra àgádágodo tuntun mẹ́jọ nínú páálí kan náà. Nígbà tó délé, ó dán wọn wò, orí rẹ̀ sì wú: kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ ṣí ti ara rẹ̀, ó tún ṣí mẹ́ta mìíràn. Ẹlòmíràn ì bá rẹ́rìn-ín, kó dákẹ́, kó gbé wọn lọ kọ́. Sùlè ò lè ṣe é. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi tú inú wọn, tó ń fi ayùn irin rẹ́ eyín kọ́kọ́rọ́, títí tí kò fi sí ọ̀kan tó mọ èkejì mọ́. Àmínátù, ìyàwó rẹ̀, ń gbé oúnjẹ wá, ó ń gbé e padà bó ṣe gbé e wá.

Ó wá ku bí oníkálukú ṣe máa dá tirẹ̀ mọ̀. Sùlè ò lè kọ nọ́ńbà, nítorí náà ó ṣe bó ṣe máa ń ṣe nínú ọjà. Ó wé òwú mọ́ àgádágodo, ó wé irú òwú kan náà mọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Olùkọ́ ni aró, Isidore ni àwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kan ẹ̀kẹjọ, àwọ̀ tán. Ti Dorothée ló sì kù.

Dorothée jẹ́ ọmọ Soclogbo, ọmọ ogún ọdún, tí bàbá rẹ̀ ti kú kó tó mọ̀ ọ́n. Ó ń fọ aṣọ egbò, ó sì ń gbálẹ̀ nílé ìwòsàn ìlú. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí irin gé Sùlè lọ́wọ́, òun ló ń wẹ egbò náà fún un lójoojúmọ́, tó sì ń jágbe mọ́ ọn bó bá ti fi ọwọ́ náà kan epo. Ó ti ṣe ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí ní Kutọnu, èsì rẹ̀ ló sì ń retí. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá ni ilé ẹ̀kọ́ máa wọlé. Ẹni tí wọn ò bá rí lọ́jọ́ náà, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Gbogbo ilé ló mọ̀, torí kò sẹ́ni tí Dorothée ò tíì sọ ọ́ fún.

Sùlè fẹ́ràn ọmọ náà, kò sì sí ohun tí a fẹ́ fi bò níbẹ̀. Dípò kó fi òwú kan ṣá wé tirẹ̀, ó mú pupa, dúdú àti funfun lára àwọn tó ti lò, ó hun wọ́n pọ̀, ó fi wé àgádágodo náà títí ó fi lẹ́wà. Ó fi epo pupa pa á dáadáa kó má baà dípẹtà. Ìyẹ́ adìẹ kékeré tó fi ń ki epo sínú àgádágodo náà, ó fi há inú òwú ọ̀hún, kí Dorothée lè rí nǹkan fi tọ́jú rẹ̀ bí òjò bá pọ̀. Àwọn méje yòókù kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ó kọ́ ọ sára ilẹ̀kùn kẹjọ, ó sún sẹ́yìn, ó wò ó, ó sì dùn mọ́ ọn nínú.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, lẹ́tà ń dé bó ṣe yẹ. Olùkọ́ gba tirẹ̀. Isidore gba méjì, kò sì jẹ́ kí ọmọdé kankan sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àpótí Dorothée ṣófo. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó ṣófo. Ọmọbìnrin náà lọ sí pósìtì, wọ́n yẹ ìwé wò, wọ́n ní lẹ́tà kan ti dé fún un láti Kutọnu, onílẹ́tà sì ti gbé e jáde. Ìyá Perpétue bi onílẹ́tà. Ìyẹn ní, "Màmá, gbogbo èyí tó ṣeé jù sílẹ̀ ni mo ti jù sílẹ̀," ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ kíákíá.

Dorothée wá bá Sùlè nínú ọjà. Kò jókòó.

"Bàbá Sùlè, kọ́kọ́rọ́ àpótí mi, mélòó lẹ ṣe?"

"Ẹyọ kan. Òun ló wà lọ́wọ́ rẹ."

"Ìwé mi ti kúrò ní pósìtì, kò dé ọwọ́ mi. Àgádágodo ò já, ilẹ̀kùn ò fọ́. Ta ló wá ń ṣí i?"

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ní Dáṣà bí kò ṣe ẹni tó dúró níwájú rẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà dun Sùlè ju ọjọ́ tí irin gé e lọ́wọ́. Kí ọjọ́ méjì tó pé, obìnrin kan ti wá gba àgádágodo àpótí aṣọ rẹ̀ padà láìtíì tún un ṣe, ó ní òun ò kánjú mọ́.

"Ṣé o fẹ́ máa jókòó síhìn-ín, kí o máa sunkún bí ọmọ ọwọ́ ni?" Àmínátù bi í. "Bí ẹnìkan bá ń ṣí i, ojú la fi ń rí i. Kó iṣẹ́ rẹ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà."

Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ tí onílẹ́tà máa ń yà, ó sì ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí ilé ẹ̀kọ́ wọlé. Láti òwúrọ̀ ni Sùlè ti kó àtùpà márùn-ún lọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Isidore tó wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó, ó ń fọ gíláàsì wọn. Oòrùn yọ lórí àpáta, ó gùn ún dé góńgó. Ẹnikẹ́ni ò wá fọwọ́ kan àpótí Dorothée. Àfi ìgbà tí Cyprien, onílẹ́tà, wọlé.

Ọmọ Tré ni Cyprien, ọkùnrin gíga tí ohùn rẹ̀ ń mi ilé ìjọsìn bó bá ń darí orin lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ń súfèé. Ó ki ìwé sínú àpótí kìíní, sínú ìkẹta, sínú ìkẹrin. Nígbà tó dé iwájú ìkẹjọ, ó ṣíwọ́ ìfé. Ó yọ àpòòwé gígùn kan nínú àpò, ó na ọwọ́ díẹ̀, ó fà á padà. Ó fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú, ó dá ìwé náà padà sínú àpò.

"Cyprien!" Sùlè fò dìde, àtùpà kan fọ́. "Ìwọ ni! Ìwọ lò ń ba orúkọ mi jẹ́!"

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí, Bàbá! Kì í ṣe èmi ló pààlè!"

"Ààlè wo?"

Cyprien nawọ́ láti òkèèrè. "Òwú pupa, òwú dúdú, òwú funfun. Epo. Ìyẹ́ adìẹ. Lórí àgádágodo tó tì pa! Bàbá, ṣé ẹ rò pé ojú ń fọ́ mi ni? Ẹni tó bá fọwọ́ kan irú ilẹ̀kùn yẹn, ọwọ́ rẹ̀ á wà lára rẹ̀ lọ́la?"

Sùlè yíjú wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wò ó bí ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín gíláàsì tó fọ́.

"Mo fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ni," ló ní, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ìyẹ́ yẹn, epo ni mo fi ń ki."

Ìyá Perpétue ti jáde, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọjú sí Cyprien: odidi olórí akọrin, tó ń bẹ̀rù òwú! Ọjọ́ mélòó ló ti ń gbé ìwé ọmọ ọlọ́mọ kiri? Cyprien wolẹ̀, ó ní ọjọ́ méjìlá. Òun fẹ́ fi í lé Dorothée lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹnu iṣẹ́ ló máa ń wà nígbàkígbà tí òun bá yà. Òun ò sì lè sọ ọ́ ní pósìtì, torí bó bá dé etí àlùfáà pé ààlè lé òun sẹ́yìn, òun gbé. Ìyá náà kọjú sí Sùlè, ó fẹ́ bú u, ó wo ojú rẹ̀, ó sì gbé èébú náà mì.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Dorothée. Ó sáré dé tòun ti aṣọ iṣẹ́, ó fa ìwé náà ya, ó kà á lórí ìdúró.

"Wọ́n gbà mí," ló ní. Ilé hó yèè. Ó kà á síwájú, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. "Wọ́n ní kí n mú òbí tàbí ìbátan mi dání, kó wá fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tí kò bá mú ẹnìkan wá, kó má wulẹ̀ wá."

Léon, àbúrò bàbá rẹ̀, nìkan ló lè ṣe é. Léon sì ti gòkè lọ sí Kandi lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò ní dé títí oṣù á fi parí. Ìyá rẹ̀ ní Soclogbo ò lè dìde, ẹsẹ̀ ń dùn ún láti ọjọ́ pípẹ́. Ká ní ìwé náà ti dé lọ́jọ́ tó yẹ kó dé, Léon wà nílé.

Dorothée wo àgádágodo náà, ó wo Sùlè.

"Ẹ ṣe é dáadáa jù, Bàbá Sùlè," ló ní, omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀ bá ti ṣe tèmi bíi tàwọn yòókù."

Sùlè dìde, ó gbọn gíláàsì kúrò lára aṣọ rẹ̀.

"Ọkọ̀ ojú irin ọ̀la, aago mélòó ló ń kọjá?"

Kò tíì wọ ọkọ̀ ojú irin rí láyé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ fèrè rẹ̀. Àmínátù fọ fìlà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kejì, òun àti Dorothée wọ ọkọ̀ lọ sí Kutọnu. Ọmọbìnrin náà ń wo ojú fèrèsé. Sùlè ń to ohun tó máa sọ pọ̀ nínú ọkàn rẹ̀, ó ń tú u palẹ̀, ó ń tún un tò.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n dúró níwájú akọ̀wé kan, ọmọ Àjàṣẹ́ tó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Àwọn ọmọbìnrin tó tò sẹ́yìn wọn lé ní ogún, kálukú pẹ̀lú bàbá rẹ̀.

"Kí lẹ jẹ́ sí i?" akọ̀wé bi Sùlè.

"Aládùúgbò rẹ̀ ni mí, ọ̀gá. Ọmọ dáadáa ni. Èmi ni mo jẹ̀bi pé ìwé rẹ̀..."

Akọ̀wé gbé gègé sílẹ̀. "A ò gba aládùúgbò. Bàbá, ìyá, tàbí ìbátan. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹlòmíràn bọ́ síwájú."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Sùlè tò pọ̀ nínú ọkọ̀ poora lórí rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, kò yà.

"Bàbá mi ni," Dorothée ní.

Akọ̀wé wo àgbélébùú kékeré tó wà lọ́rùn ọmọbìnrin náà, ó wo fìlà Sùlè, ó wo ìwé ìdánimọ̀ àwọn méjèèjì. "Ẹ̀ta Dorothée. Sùlè Àyìndé. Orúkọ yín ò jọra."

"Bàbá mi náà ni. Ẹ bi í léèrè."

Akọ̀wé yíjú. "Bàbá, ṣé ọmọ yín ni?"

Sùlè, tí kò lè purọ́ nítorí àgádágodo mẹ́rin, wo Dorothée. Ojú ọmọ náà ti pọ́n, ó ń dúró de ìdáhùn bí gbogbo àwọn yòókù.

"Ọmọ mi ni," ló ní.

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó sún àdó yíǹkì sí i. Sùlè ki àtàǹpàkò bọ̀ ọ́. Kò mọ ibi tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́, ni Dorothée bá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì bá a tẹ̀ ẹ́ síbi tí wọ́n kọ "bàbá" sí.