Kóòtù Ọmọbìnrin Tó Jí Òwúrọ̀

"Ìwọ ńkọ́? Ibo ni àbúrò ẹ fi ọ́ sí nínú ìwé yìí?"

Ìyá ló béèrè, lórí àga kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìnnì. Télọ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, kò gbójú sókè. Ó fi itọ́ kan ìka, ó ṣí ojú ewé tó kàn, ó ń kàwé lọ bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìwé àbúrò rẹ̀ obìnrin ni. Ìwé náà ni àkọ́kọ́ tó kọ, òun náà ló sì di ìkẹyìn, torí àìsàn ti mú un lọ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tó wà láàyè, ó ti gbé e wá pé kí ẹ̀gbọ́n òun bá òun kà á wò. Télọ̀ ní aṣọ pọ̀ nílẹ̀, kó gbé e síbẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ yẹn náà ló wà títí ọmọ náà fi wá gbé e padà láìsọ nǹkan kan.

Ní báyìí, ojoojúmọ́ ló ń kà á sétí Ìyá, tí kò mọ̀wé kà. Adùn ìwé náà gan-an ló ń pa á lára, torí gbogbo ibi tó bá ti rẹ́rìn-ín, ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ fún kò sí mọ́. Ìtàn ìlú kan ni, tí wọ́n kọ́ sára òkè. Àwọn ọlọ́lá tó wà lókè pátápátá ló ni oòrùn. Wọ́n ń rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n sì ń tà á fún àwọn tálákà ìsàlẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń nu àtùpà wá gbéra, ó ní òun á lọ jí odidi òwúrọ̀ kan wá fún àdúgbò òun.

Ìyá ti rí gbogbo ẹni tó mọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ìjòyè tó ń wọn oòrùn húkọ́ kó tó lé opó kan síta, ṣe ló pàtẹ́wọ́.

"Onílé wa nìyẹn! Ikọ́ ẹ̀ gan-an nìyẹn! Ọmọ yìí mà burú o!"

Ó rí ara rẹ̀ náà, arúgbó tó ń bu omi fún ẹ̀ṣọ́ tó sì ń bú wọn mọ́ omi ọ̀hún. Bàbá wọn tó ti di olóògbé náà wà níbẹ̀, ó ń súfèé lórí àtẹ̀gùn.

Télọ̀ nìkan ni kò sí. Kò sí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kankan nínú ìwé náà, kò tiẹ̀ sí aránṣọ. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àbúrò òun kò gbàgbé, ó ro ìyẹn nínú ara rẹ̀. Ó kúkú yọ òun kúrò ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n mú ìwé náà dé, yẹ̀yẹ́ ló fi àwòrán iwájú rẹ̀ ṣe, níbi tí ọmọbìnrin náà ti dúró nínú kóòtù gígùn.

"Màmá, ayàwòrán yìí ò mọ aṣọ. Apá òsì ni bọ́tìnnì obìnrin máa ń wà, apá ọ̀tún ló fi í sí, bíi ti ọkùnrin. Ẹ tún wo ọ̀kan níbí tó tóbi bí àwo!"

"Ṣé aṣọ lo fẹ́ rà ni, àbí ìwé lo fẹ́ kà?"

Lónìí, wọ́n dé orí tó kẹ́yìn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ká ọmọbìnrin náà mọ́ ẹnubodè, ìgò òwúrọ̀ wà lábẹ́ kóòtù rẹ̀. Télọ̀ kà á sókè: "'Ẹ̀ṣọ́ náà na ọwọ́ sápá òsì, níbi tí gbogbo kóòtù obìnrin ti ń ṣí. Kò ṣí. Kó tó mọ ibi tí yóò gbà, ọmọbìnrin náà ti já mọ́ ọn lọ́wọ́.'"

"Sá, ọmọ mi! Sá!" Ìyá ti dìde dúró.

Télọ̀ pa ìwé náà dé, ó gbé e sórí tábìlì, ó tẹjú mọ́ iwájú rẹ̀. Ayàwòrán kò ṣàṣìṣe, bí àbúrò òun ṣe kọ ọ́ ló yà á: bọ́tìnnì wà lápá ọ̀tún. Èyí ìkejì látòkè tóbi ju àwọn yòókù lọ. Kóòtù àkọ́kọ́ tó rán láyé nìyẹn, nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Pátánù ọkùnrin ló fi gé e fún àbúrò rẹ̀. Nígbà tí bọ́tìnnì kan sì sọnù, èyí tó rí nílẹ̀ ló fi dí i. Wọ́n fi ọmọ náà ṣẹ̀sín níléèwé títí, kò gbà láti bọ́ ọ.

"Kí ló dé tó o pa á dé?" Ìyá bi í. "Ṣé wọ́n mú un ni?"

Ó mi orí pé rárá. Ó gbé ìka lé bọ́tìnnì ńlá náà, bí ẹni tó fẹ́ bá àbúrò rẹ̀ dè é lẹ́ẹ̀kan sí i.