Ilé-iṣẹ́ Tí Kò Ṣe Nǹkan Kan

Nígbà tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, ebi ò pa ẹnikẹ́ni. Ìjọba ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí kálukú, ẹ̀rọ ń yan búrẹ́dì, ẹ̀rọ ń gbá títì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ká Ọ̀gá Má-sùn lára ju ẹnikẹ́ni lọ. Alábòójútó ni nílé-iṣẹ́ ọṣẹ. Ohun tó ń ṣe kò ju kó máa rìn lẹ́yìn àwọn tó ń kó ọṣẹ sínú páálí, kó máa wí pé, "Má sùn o! Má sùn!" Ẹ̀rọ kì í sùn. Bí wọ́n ṣe ní kó máa lọ sílé nìyẹn.

Ló bá kó àbójútó rẹ̀ wọlé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó so táì mọ́rùn, ó dúró sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń fọ àwo.

"Àwo yẹn mà ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Ìyàwó ń fọ àwo rẹ̀ lọ.

"Omi yẹn ti pọ̀ jù."

Ìyàwó tún bu omi sí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà pe ìpàdé nítorí iyọ̀ ọbẹ̀, tó ní kó dìde kó wí tẹnu rẹ̀, obìnrin náà nu ọwọ́ mọ́ aṣọ.

"Bàbá àwọn ọmọ, ọkọ ni mo fẹ́, mi ò wá ọ̀gá. Ẹ dákun, ẹ wá àwọn tí ẹ máa yọ lẹ́nu lọ síta. Wọ́n kún ojú títì bámú."

Òótọ́ ló sọ. Awakọ̀ kan tí ọkọ̀ rẹ̀ ti ń wa ara rẹ̀ jókòó sórí pèpéle, ó ń fọwọ́ yí afẹ́fẹ́ sọ́tùn-ún sósì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni opó kan tó máa ń gbé tẹlifóònù nílé ìwòsàn tẹ́lẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Hẹ́lò. Ọ̀gá Má-sùn bẹ ẹnì kan fún ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo, ó to tábìlì àti àga sí i, ó wá lọ bá wọn.

"Mo ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Aago mẹ́jọ là ń wọlé."

"Iṣẹ́ kí ni, sà?" awakọ̀ bi í.

"Kí ló kàn ọ́? Ẹni tó bá pẹ́ á rí pípọ́n ojú mi!"

Inú awakọ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé bàtà rẹ̀ sórí pèpéle.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á dé, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wo aago. Tí ọ̀gá bá kẹ̀yìn, wọ́n á máa jẹ ẹran ara rẹ̀ ní tútù. "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin burúkú yẹn sọ sí mi?" awakọ̀ á wí, ojú rẹ̀ á máa dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Ẹnì kan sọ pé ìyá àgbà òun kú, ó gbàyè lọ sílé. Lóṣù kejì, ìyá àgbà náà tún kú. Kò pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò fi ń gbé adìyẹ wá tọ ọ̀gá lẹ́yìnkùlé pé kó bá àwọn fi ọmọ àwọn síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, òjò dá Ìyá Hẹ́lò dúró. Bó ṣe wọlé ni ọ̀gá jágbe mọ́ ọn: "Ìyá Hẹ́lò! Ṣé ilé bàbá yín nibí?"

Ni obìnrin náà bá bú sẹ́kún. Ara ọ̀gá rọ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ẹnu mi ló yọ̀."

"Ẹ má bẹ̀ mí, sà. Látìgbà tí bàbá àwọn ọmọ ti kú, bí mi ò bá jáde títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sẹ́ni tó máa bèèrè mi. Lónìí mo pẹ́, inú sì bí ẹnì kan." Ó nu ojú. "Ẹ tún bínú díẹ̀ sí i."

Ọ̀gá sì tún bínú díẹ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ di rẹpẹtẹ, ọ̀fun ọ̀gá ò sì gbé e mọ́. Ló bá lọ ra ẹ̀rọ kan tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń fi ohùn dídùn wí pé, "Ẹ ti pẹ́ o."

Ilé gbóná. "Ẹ̀rọ ni yóò wá máa bínú sí wa?" Awakọ̀ dojú tábìlì dé. Wọ́n já ewé, wọ́n rọ́ jáde, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀gá Má-sùn nìkan ló kù sínú ṣọ́ọ̀bù, òun àti ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kí i kú iṣẹ́. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ tó ń kọjá lọ ti yọjú lójú fèrèsé.

"Bàbá àwọn ọmọ, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n ń bá mi jà."

"Wọ́n pọ̀?"

"Wọ́n pọ̀ o!" Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Tí gbogbo ayé bá wà níta, kí lẹ wá ń fi inú ilé ṣe?"

Ó rò ó wò. Ó tú táì sílẹ̀, ó já ewé tirẹ̀, ó há ara rẹ̀ sáàárín awakọ̀ àti Ìyá Hẹ́lò, ó sì figbe ta: "A ò fẹ́ ọ̀gá burúkú!" Ohùn rẹ̀ ló ròkè jù.

Awakọ̀ wò ó tìyanu-tìyanu. "Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin là ń bú?"

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹ ò tíì mọ ìwà ọkùnrin yẹn tó mi."

Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà padà fún ẹni tó tà á kí oòrùn tó kàn tàrí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ìjà parí. Wọ́n kọrin títí ohùn fi há. Nígbà tí ebi dé, kálukú gbalé lọ, wọ́n ní ó di ọ̀la.