Ibojì Kò Gbọdọ̀ Wọ Ilé Ẹgbẹ́

Èmi Harriet ni akápò Ẹgbẹ́ Ìmọ̀dára, mo sì mọ iṣẹ́ náà, n ò ní í tijú láti sọ ọ́. Báńkì ni mo ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n fi mí jẹ akápò, òjò ń rọ̀ sórí ìwé nínú yàrá ìkàwé wa, ọkùnrin tó ń ta aṣọ nísàlẹ̀ sì ń san owó ilé bó ṣe wù ú. Lónìí, kò sí ayálégbé tó máa rí mi lọ́ọ̀ọ́kán tí kò ní í rántí ìgbà tí owó rẹ̀ máa pé. Wọ́n ní ẹnu mi mú. Ó mú lóòótọ́, nítorí ẹnu tí kò mú kì í gba owó ilé ní Ṣàpọ́n.

Olùkọ́ àti àlùfáà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀. Wọ́n ti kà nípa àwọn ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé tó wà nílùú Òyìnbó láti ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, wọ́n wá ní kí ló dé tí Ẹ̀gbá ò fi ní í ní tirẹ̀. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n ra ilẹ̀ ní Ṣàpọ́n, wọ́n sì kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e. Ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀, gbọ̀ngàn àti yàrá ìkàwé wà lókè. Owó ṣọ́ọ̀bù la fi ń ra ìwé, òun náà la fi ń fún ọmọ iléèwé girama tó bá kọ àròkọ tó dáa jù lẹ́bùn. Ilẹ̀ kan tún wà lẹ́yìnkùlé, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju igi máńgòrò lọ. Mo ti bá obìnrin apòògùn kan tó ń jẹ́ Àsmá'ù sọ̀rọ̀ pé kó háyà rẹ̀, kó kọ́ ilé oògùn sí i, kó sì san owó ọdún mélòó kan sílẹ̀ ká fi ṣe òrùlé wa tó ti jẹrà. Láìsí owó yẹn, òjò ọdún tó ń bọ̀ yóò ba ìwé wa jẹ́ tán.

Abẹ́ igi máńgòrò yẹn ni ọkọ mi máa ń jókòó sí. Olújìmí lorúkọ rẹ̀, òun sì ni alága ẹgbẹ́. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á gbé àga síbẹ̀, á máa ka ìwé ìròyìn, á sì máa bá gbogbo ẹni tó bá kọjá jiyàn. Iyàn ló fẹ́ràn jù láyé, lẹ́yìn mi. Ó kú lójijì lọ́jọ́ Àìkú kan, kò tíì bọ́ aṣọ tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. N ò mọ bí mo ṣe máa sọ bó ṣe dùn mí tó. Títí di báyìí, bí mo bá gbọ́ tí ọkùnrin kan gbóhùn sókè lójú títì, mo máa ń yíjú wò ó.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá kí mi nílé wa ní Ìbarà. Pálọ̀ kún. Wọ́n kí mi kú ọ̀fọ̀, kú àfẹ́kù, wọ́n gbàdúrà, lẹ́yìn náà ni Priscilla, akọ̀wé wa, dìde.

Ó ní, "Ẹ̀yin ìyàwó alága, a ti jíròrò. A fẹ́ sin alága wa sábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀, nínú ọgbà ilé ẹgbẹ́. A máa fi mábù ṣe ibojì rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Jídé, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, bú sẹ́kún ayọ̀. Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, gáréèjì Kuto ló ti ń wọkọ̀ láràárọ̀, ó sì fẹ́ràn bàbá rẹ̀ gan-an. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wọn. Gbogbo wọn wá kọjú sí mi, wọ́n ń retí kí n dúpẹ́.

Mo ní, "Ẹ ṣeun o, ẹ kú aájò. Ṣùgbọ́n akápò ò fara mọ́ ọn."

N ò dá wọn lẹ́bi, nítorí ìwé ni wọ́n kà yó. Wọ́n ti rí fọ́tò ibojì àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n sin sínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá l'Óyìnbó, wọ́n rò pé tiwa náà á rí bẹ́ẹ̀. Òyìnbó lè sin òkú síbi tó bá wù ú, kí ilé ṣì jẹ́ ti ẹgbẹ́. L'Abẹ́òkúta níbí, òkú ni onílé. Bí ìjà ilẹ̀ bá dé iwájú àwọn àgbà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè ni pé bàbá ta ló sùn síbẹ̀. Ọmọ tó bá nàka sí ibojì ti jàre ná, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìwé.

Adégbóyèga, lọ́yà ẹgbẹ́, fún mi lésì. Ó ní, "Mà, ìyẹn ò le. A máa kọ ìwé, ẹbí á buwọ́ lù ú pé àwọn ò ní í béèrè ilẹ̀ náà láé."

"Lọ́yà, ta ló máa ka ìwé yẹn fún ọmọ ọmọ mi? Inú dúrọ́ọ̀ ni ìwé yóò wà. Ibojì ló máa rí."

Alàgbà Mùtíù, tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́, mi orí. "Ìyàwó wa, ẹ rọra. Ọkọ yín la ń sọ yìí o, kì í ṣe owó ṣọ́ọ̀bù."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ó ṣe mí bíi pé kí n lé gbogbo wọn jáde. Ṣùgbọ́n bí mo bá bínú, wọn yóò ní ìbànújẹ́ ló ń dà mí láàmú, wọn yóò sì gbẹ́ ilẹ̀ náà. Mo yíjú sí ọmọ mi.

"Jídé, ká ní a sin bàbá rẹ síbẹ̀. Tó bá yá, ẹgbẹ́ wá ní òrùlé ń jò, àwọn fẹ́ fi ẹ̀yìnkùlé háyà fún ẹni tó máa kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i. Kí lo máa sọ?"

Kò tilẹ̀ rò ó. "Ṣọ́ọ̀bù lórí bàbá mi? Mọ́mì, ta ló máa gbà? Ẹni tó bá kó búlọ́ọ̀kù débẹ̀, ojú ẹ̀ máa rí màbo."

Lọ́yà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Jídé wò mí, ó wo àwọn àgbà, ọ̀rọ̀ tó sọ wá yé òun fúnra rẹ̀.

Alàgbà Mùtíù mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ọmọ olóòkú ti dáhùn. Ẹ jẹ́ ká wá ibòmíì."

Ilé bọ́ lọ́wọ́ ewu, àmọ́ ọmọ mi bínú sí mi. Kì í jẹun nílé mọ́. Tó bá dé láti Èkó, "Ẹ kú ilé, mà" lásán ló ń sọ, á sì wọ yàrá lọ. Lọ́jọ́ kan tí mo pè é jókòó, orí ìdúró ló ti dá mi lóhùn.

"Ẹ fi mí ṣe ẹlẹ́rìí ta ko bàbá mi. Ẹ fẹ́ràn ilé ẹgbẹ́ yẹn jù ú lọ."

Èmi tí ẹnu mi mú, mo wọ yàrá, mo sì sunkún.

Itori la sin Olújìmí sí, lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òbí rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá, Priscilla ka ọ̀rọ̀ ìdágbére, ó sì kà á dáadáa. Nígbà tí àwọn èèyàn ti ń lọ sídìí mọ́tò, Jídé dúró tì mí. Iyẹ̀pẹ̀ ṣì tutù.

Ó ní, "Mọ́mì, ká ní mi ò dáhùn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

"Mo mọ̀ pé wàá dáhùn bẹ́ẹ̀. Ṣebí èmi ni mo bí ọ."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn. Ó wá béèrè pé, "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ká ní ẹ̀yin ni wọ́n bi léèrè?"

Mo wo ibi tí ọkọ mi sùn sí. Láti Ìbarà, ọ̀nà ibẹ̀ jìn; mo mọ̀ pé n ò ní í lè wá bí mo ṣe fẹ́.

Mo ní, "Ká ní wọ́n sin ín sí Ṣàpọ́n, mi ò bá ti gbogbo ilé yẹn pa, kí n fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tí ì bá fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìnkùlé yẹn mọ́ láyé mi. Jídé, ìwọ kọ́ ni mo ń bẹ̀rù. Èmi fúnra mi ni."